Bọ́ọ̀lù Rọ́bà

Ọdún tí òjò Agẹmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé afárá Ìjẹ̀bú-Igbó lọ,
bàbá mi ṣì ń kọ igi rọ́bà lára nínú oko ìjọba.
Ó máa ń dé lálẹ́ pẹ̀lú wàrà igi lápá,
wàrà tó ti gbẹ, tó ń ṣí bí awọ ejò.
Èmi ni mo máa ń bó o.
Mo ń fà á, mo ń wé e, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́,
oṣù mẹ́ta gbáko,
títí bọ́ọ̀lù mi fi tó orí Débánjọ àbúrò mi,
ó sì dára ju orí Débánjọ lọ,
nítorí orí tiẹ̀ gùn lẹ́yìn bí ìbẹ́pẹ.

Mo gbé e lọ síléèwé láti fi ṣe fọ́nńté.
Tíṣà Odùnúgà gbà á lọ́wọ́ mi.
Ó ní, "Róbótó layé rí, àbí?"
A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."
Ó ní, "Irọ́ ni. Ẹ jókòó."

Ó mú sípóòkù kẹ̀kẹ́, ó gún bọ́ọ̀lù mi láti orí dé ìdí.
(Àyà mi ni ó gún.)
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i, yí i,
a la ojú sílẹ̀, a kò rí nǹkan kan.
"Ara rọ́bà le," ló wí, ó sì jù ú padà sí mi,
tòun tihò.
Ó wá ya imọ̀ ọ̀pẹ sí ọ̀nà mẹ́rin,
ó tẹ̀ wọ́n kọ́ sípóòkù bí egungun agbòòrùn òjò,
ó yí i.
Ìbàdí imọ̀ yọ síta fìì,
orí rẹ̀ wọlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé láìsọ fún un.

Ó ní òòfà ló ń kó nǹkan jọ.
Plánẹ́tì tó bá wúwo tó, ó ń pe ara rẹ̀ wálé
bí Ìjẹ̀bú ṣe ń wọlé lọ́jọ́ kẹta Iléyá:
kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró lẹ́yìn odi,
àárín ni gbogbo wọn ń wá,
ìyẹn ló ń sọ ọ́ di róbótó.
Òkúta wẹ́wẹ́ ojú ọ̀run kò lágbára ìpè;
wọ́n wà níbẹ̀ gbágungbàgun bí iṣu ewùrà.
Ṣùgbọ́n ohun tó ń yí ń fẹ́ fò.
Òòfà ní kò ní fò.
Ikùn ni ìjà náà ń hàn sí.

"Ìbàdí ayé fi bí ìrìn Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù
fẹ̀ ju ìnàró rẹ̀ lọ."
Mo rí ọ̀nà yẹn lójú mi, pẹ̀lú gbogbo kòtò rẹ̀.
Ti Sátọ́ọ̀nì tún le: ọjọ́ rẹ̀ kò pé wákàtí mọ́kànlá,
kò tíì jẹun àárọ̀ tán, ilẹ̀ ti ṣú,
ó wá tẹ́ lórí bí àkàrà tí wọ́n fi ṣíbí tẹ̀.

Mo rò ó fún bàbá mi. Ó ń fọ ọ̀bẹ.
Ó ní, "Mo ti gbá gbogbo igi oko yẹn mọ́ra.
Kò sí ọ̀kan tó rí róbótó nínú wọn."
Ó ń bá ọ̀bẹ rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, a tú yàrá rẹ̀,
ọjọ́ kẹjọ tí a sin ín.
Bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ ibùsùn, ihò sípóòkù wà lára rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó ta á, kò sẹ́ni tó yí i.
Mo ní ó kéré tán, tiẹ̀ á ṣì pé, bó ṣe jókòó jẹ́ẹ́.
Mo dojú rẹ̀ délẹ̀:
ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó fi sùn.

Débánjọ gbà á, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ara rẹ̀
tó ti pá báyìí, tó ń dán.
"Ó yá, sọ òótọ́. Èwo ló dára jù?"
A rẹ́rìn-ín títí àwọn àna wa fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà
láti wo ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ olóòkú.